Ajá Tí Ara Ń Yún Tọ̀sán-Tòru: Ìdáhùn fún Òǹkàwé Kan ní Ilé-Ifẹ̀

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: «Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ní apá Ọ̀pá. Mo ní ajá kan tó ń jẹ́ Sùúrù. Akọ ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ajá ilé lásán ni ìyá rẹ̀, Alsatian ni bàbá rẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ó ti ń họ ara tọ̀sán-tòru. Etí rẹ̀ ti pá léteetí, ìgunpá rẹ̀ ti di èépá, ó sì ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó máa ń gún ajá lábẹ́rẹ́ ládùúgbò wa sọ pé àléjì ni. Ó gún un, ara sì tù ú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan ní kí n má fún un ní ẹja mọ́, àwọn mìíràn ní kí n fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò pa á lára. Ní ọdún tó kọjá náà, nígbà òjò, ó họ ara díẹ̀, àmọ́ ó lọ fúnra rẹ̀. Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù báyìí ni pé apá ti ń yún ọmọ mi tó máa ń bá a ṣeré. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n tún gún ajá náà? Ṣé àléjì ni lóòótọ́?»

Ẹ kú àìsùn, mà, nítorí ajá tó bá ń họ ara lóru kì í jẹ́ kí ará ilé náà sùn. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ìbéèrè mẹ́ta ni mo rí nínú rẹ̀: ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń yún ajá náà, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ló tọ́ sí i, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọmọ yín wà nínú ewu. Ìkẹta yìí, tí ẹ fi sí ìparí, ni mo máa fi ṣáájú nínú èrò mi, nítorí pé òun ló tan ìmọ́lẹ̀ jù lọ sí ọ̀rọ̀ ajá náà. Mi ò tíì rí Sùúrù, mi ò sì tíì fọwọ́ kàn án níhìn-ín ní Iléṣà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kò lè rọ́pò àyẹ̀wò ojúkojú. Síbẹ̀, ohun tí ẹ kọ tó láti fi mọ ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ibi tí ọkùnrin oníabẹ́rẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Àléjì kì í ràn. Bí ara ajá bá kọ oúnjẹ kan tàbí eruku kan, ọ̀rọ̀ ara ajá náà nìkan ni. Kò lè kó o ran ọmọ tó ń bá a ṣeré. Nígbà tí ara bá ń yún ajá, tí ara sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún ẹni tó ń fọwọ́ kàn án, ohun tí oníṣègùn ẹran máa kọ́kọ́ ronú kàn ni kúrúnà ajá. Kòkòrò kan tó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ, tí a ń pè ní Sarcoptes, ló ń fà á. Abo rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò wọ inú awọ ara, á sì máa yé ẹyin síbẹ̀. Ibi tí irun kò bá pọ̀ sí ló fẹ́ràn: eteetí, ìgunpá, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ikùn àti abẹ́ àyà. Ẹ wo méjì nínú àwọn ibi wọ̀nyí, eteetí àti ìgunpá, ẹ ti dárúkọ wọn fúnra yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi yín. Ohun tó mú kí kúrúnà máa jọ àléjì lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ara ajá máa ń kọ ìgbẹ́ àti ara kòkòrò náà gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba kòkòrò díẹ̀ fi lè mú kí ajá ńlá máa họ ara títí tí ẹ̀jẹ̀ á fi máa jáde.

Àyẹ̀wò kékeré kan wà tí ẹ lè ṣe nílé kí ẹ tó gbé e lọ sí ibikíbi. Ẹ di eteetí rẹ̀ mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀lá, kí ẹ máa fi ọwọ́ ra á fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìhà kan náà bá ń mì bí ẹni pé ó fẹ́ họ ara, ọ̀pọ̀ ajá tó ní kúrúnà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má torí ìyẹn sọ pé kò ní i. Dókítà náà lè fi abẹ fá awọ ara díẹ̀, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Bí ó bá rí kòkòrò náà tàbí ẹyin rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Àmọ́ kòkòrò yìí mọ̀ ọ́n sá pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń fá ara ajá ní ibi mélòó kan láìrí ohunkóhun, tí ó sì jẹ́ pé kúrúnà ni. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí dókítà sọ pé «a kò rí i, ṣùgbọ́n a ó tọ́jú rẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀», kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn.

Kí a tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ kòkòrò, ẹ jẹ́ kí a yọ àwọn yòókù kúrò lọ́nà. Àwọn kòkòrò kékeré pupa rúsúrúsú tí ń fò nínú irun ajá, tí àwọn àgbà ń pè ní yọ̀rọ̀, ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí ń yún ajá ní agbègbè wa, pàápàá láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí ìrù àti ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń dà láàmú jù. Ẹ ya irun tó wà níbẹ̀, ẹ gbọn ìdọ̀tí dúdú tó bá wà nínú rẹ̀ sórí aṣọ funfun tí ẹ ti fi omi rin. Bí ìdọ̀tí náà bá tú sí àwọ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ tí yọ̀rọ̀ mu tí ó sì yà ní ìgbẹ́ ni. Ajá mìíràn wà tí ìtọ́ yọ̀rọ̀ jẹ́ àléjì fún, tí ìgéjẹ díẹ̀ á sì mú un họ ara fún ọjọ́ púpọ̀. Eégbọn ní tirẹ̀ kì í sábà fa irú yíyún yìí; ewu rẹ̀ ni àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń gbé wọ ara ajá, ìdí mìíràn sì nìyẹn tó fi yẹ kí a pa á. Ní ti wèrèpè inú igbó tí àwọn kan máa ń dá lẹ́bi, yíyún rẹ̀ máa ń le lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń rọlẹ̀. Yíyún oṣù mẹ́ta kì í ṣe ti wèrèpè.

Ó kan abẹ́rẹ́ wàyí. Ẹ kò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má ti sọ ọ́ fún yín. Yíyún tó dáwọ́ dúró kíákíá, tí ó lọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí ó wá padà tagbáratagbára, bí oògùn sítẹ́rọ́ìdì ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, irú bíi dexamethasone tàbí àwọn tó ń pẹ́ lára jù ú lọ. Oògùn yìí kì í pa kòkòrò kankan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa ẹnu àwọn ọmọ ogun ara mọ́, kí wọ́n má lè jà mọ́. Nígbà tí ara kò bá jà mọ́, ajá á sinmi, olówó rẹ̀ náà á sinmi, ṣùgbọ́n kòkòrò kúrúnà á máa bí sí i láìsí ẹni tó ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà ni ó fi padà ní ìlọ́po. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu sítẹ́rọ́ìdì. Mo máa ń lò ó, ajá mìíràn sì wà tí kò lè gbé ayé tó rọrùn láìsí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí a bá ti mọ ohun tí a ń tọ́jú ni ó wúlò, ní ìwọ̀n tó kéré jù, fún ìgbà tó kúrú jù. Bí wọ́n bá ń gún un léraléra, ajá á máa mu omi àmujù, á máa tọ̀ sílé, á máa jẹun bí ẹni tí ebi pa, awọ ara rẹ̀ á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní tètè jinná. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín lórí abẹ́rẹ́ náà ni pé kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún gún un, àyàfi bí ẹni tó fẹ́ gún un bá fi ìgò oògùn hàn yín, tí ó sì sọ ohun tó fẹ́ kí ó ṣe.

Ọ́ìlì ọkọ̀ tí àwọn aládùúgbò dámọ̀ràn kò dára rárá. Mo mọ ohun tó mú kí àwọn ènìyàn gbà á gbọ́: ó ń bo kòkòrò mọ́lẹ̀, awọ tó ti gbẹ á sì rọ̀. Àmọ́ májèlé irin àti èéfín ẹ́ńjìnnì ti pò pọ̀ mọ́ ọn, ajá á sì lá a kúrò lára rẹ̀, á gbé e mì. Kẹrosíìnì máa ń jó awọ ara. Sniper àti gbogbo oògùn ẹ̀fọn tó jọ ọ́ burú ju méjèèjì lọ, nítorí awọ ara ni májèlé rẹ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ajá tí wọ́n fi wẹ̀ á máa da itọ́, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú ní ọjọ́ náà gan-an. Àdín tí àwọn ìyá wa máa ń po mọ́ imí-ọjọ́ ni mi ò ní dà pọ̀ mọ́ àwọn wọ̀nyí. Lóòótọ́ ni imí-ọjọ́ ń pa kòkòrò kúrúnà, àwọn oníṣègùn ẹran sì ń lo oògùn ìwẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe títí di òní. Ibi tí ti ilé ti kù sí ni pé kò sí ẹni tó mọ bí ó ti le tó, ó lè ta ajá lára bí ó bá pọ̀ jù, kò sì ní dé gbogbo ara ajá onírun gígùn àyàfi bí wọ́n bá gé irun náà. Bí ẹni kan kò bá ní ọ̀nà mìíràn rárá, kí ó béèrè ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣègùn kí ó tó pò ó.

Oògùn tó ń pa kúrúnà lóòótọ́ wà, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, tí kò sì gbówó lórí, ni ivermectin. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n mo ní láti kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀ nítorí ìran Sùúrù. Àwọn ajá kan wà tí wọ́n jogún àbùkù kan tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ wọn lè dí oògùn yìí lọ́nà. Àwọn ajá Collie ló wọ́pọ̀ jù sí, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn Alsatian mìíràn pẹ̀lú. Irú ajá bẹ́ẹ̀ lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí ojú rẹ̀ fọ́, kí ó máa gbọ̀n, kí ó sì dákú lórí ìwọ̀n tí ajá mìíràn máa gbà láìsí ewu. Ìṣòro kejì ni pé ìgò tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ oògùn ẹran jẹ́ ti màlúù: mílílítà kan rẹ̀ ni wọ́n ń gún fún màlúù tó bá wọn 50 kìlógíráàmù. Bí ọwọ́ bá ṣe àṣìṣe díẹ̀ lórí síríǹjì, ohun tó wọ ara ajá ti pọ̀ jù. Ẹ má rà á fúnra yín, ẹ má sì dà á sí i lẹ́nu.

Èyí tí èmi máa yàn fún Sùúrù, bí owó bá gbà á, ni àwọn oògùn oníhóró tuntun bíi fluralaner tàbí afoxolaner, tí ajá ń jẹ, tí ó sì ń pa kúrúnà, yọ̀rọ̀ àti eégbọn lẹ́ẹ̀kan náà. Afoxolaner ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, fluralaner fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ó wọ́n, mi ò lè sọ pé kò wọ́n; ẹ ṣírò rẹ̀ pọ̀ mọ́ iye tí ẹ ti ná sórí abẹ́rẹ́ tí kò wo nǹkan kan. Ajá tó bá ní wárápá kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i; FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa èyí ní ọdún 2018. Oògùn yòówù kí ẹ lò, gbogbo ajá tó wà nínú ilé ni ẹ máa tọ́jú lọ́jọ́ kan náà, àní àwọn tí kò họ ara. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé, ẹ sá a sóòrùn. Bí fóòmù ògbólógbòó bá ni, ẹ kúkú sun ún. Bí yọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, iṣẹ́ ilé pọ̀ ju ti ara ajá lọ, nítorí abo rẹ̀ kan lè yé ẹyin 40 sí 50 lójúmọ́, ibi tí sìmẹ́ńtì ti sán àti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sì ni àwọn ẹyin náà ń jábọ́ sí. Ẹ máa gbá ibẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì bí ó bá ṣì ń họ ara lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Òkú kòkòrò ṣì wà nínú awọ ara, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí yíyún náà tó lọ tán. Ibí yìí gan-an ni sítẹ́rọ́ìdì oníhóró fún ọjọ́ díẹ̀ ti lè wúlò, nígbà tí oògùn kúrúnà ti wà lára rẹ̀.

Èépá tí ẹ sọ pé ó wà ní ìgunpá rẹ̀ lè ti gba kòkòrò àìfojúrí sínú. Bí ó bá ń rùn, bí ara rẹ̀ bá ń yọ̀ bí ẹni fi ọ̀rá pa, tàbí bí awọ rẹ̀ bá ti dúdú tí ó sì nípọn bí awọ erin, yíìsì tàbí bakitéríà ti wọ̀ ọ́, yíyún tiwọn nìkan sì tó láti máa dà á láàmú lẹ́yìn tí kúrúnà bá ti kú. Ọṣẹ ìwẹ̀ ajá tó ní chlorhexidine, oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, dára fún un, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìfóófòó rẹ̀ wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣàn án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣàn án lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wá ní ọṣẹ náà kò ṣiṣẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi apakòkòrò ilé ìgbẹ́ sínú omi rẹ̀.

Ní ti ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ṣeé ṣe kí ajá yín ní kúrúnà. Ọ̀rọ̀ kan yìí máa gba àkókò là fún wọn. Kúrúnà ajá kò lè tẹ̀dó sí ara ènìyàn. Ó lè gé e jẹ kí ó sì fa èéwo kéékèèké sí apá, ikùn tàbí ibi tí ara ajá ti kàn án, ṣùgbọ́n kò lè parí ìran rẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ó máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ajá bá ti gba ìtọ́jú. Bí èéwo náà bá wà láàárín ìka ọwọ́, tí ó sì ń ran àwọn ará ilé mìíràn, kúrúnà ti ènìyàn lè ni, tí kò kan ajá rárá, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ má fi ìpara ajá pa ọmọ lára. Kí ó yéé gbá ajá náà mọ́ra títí tí ara rẹ̀ á fi mọ́. Kò pọn dandan kí ẹ lé ajá kúrò nílé.

Mo ti pẹ́ lórí kúrúnà, nítorí mo gbà pé òun ló súnmọ́ jù. Síbẹ̀, ohun méjì nínú lẹ́tà yín ń fà mí lọ́wọ́ sí ọ̀nà mìíràn. Ó ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì họ ara díẹ̀ nígbà òjò ọdún tó kọjá kí ó tó lọ fúnra rẹ̀. Kúrúnà kì í lọ fúnra rẹ̀ báyẹn. Àléjì tí ara ń ní sí eruku inú ilé, èbu tó ń hù níbi tí ọ̀rinrin wà, àti ìtànná koríko sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta tí a bí ajá, ẹsẹ̀, abíyá, ojú, etí àti ikùn ló sì máa ń mú. Ọ̀rinrin ìgbà òjò ní Ifẹ̀ àti Iléṣà bá kòkòrò inú eruku ilé lára mu púpọ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin oníabẹ́rẹ́ náà má jẹ̀bi tán: Sùúrù lè ní àléjì díẹ̀ láti tẹ́lẹ̀, kí kúrúnà sì wá gùn ún lé e lórí. Kò sí ẹni tó lè mọ ìyẹn báyìí. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tó lè fi hàn pé àléjì eruku ni. Ẹ̀yìn tí a bá ti yọ kòkòrò, yíìsì àti oúnjẹ kúrò ni a tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹja tí wọ́n ní kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Oúnjẹ lè fa yíyún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran màlúù, adìyẹ, wàrà àti àlìkámà ni wọ́n ń rí jù lára àwọn ajá tí àléjì oúnjẹ ń yọ lẹ́nu, ohun tí ajá sì ti ń jẹ láti ìgbà pípẹ́ ni ara rẹ̀ sábà ń kọ̀. Yíyọ ohun kan ṣoṣo kúrò nínú abọ́ kò lè fi nǹkan kan hàn. Bí ó bá dé orí àyẹ̀wò oúnjẹ, ẹran kan tí kò jẹ rí àti oúnjẹ kan tí kò jẹ rí ni a máa fún un fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí àpẹẹrẹ ẹran ehoro àti ànàmọ́ bíbọ̀, láìsí àlùbọ́sà, láìsí Maggi, láìsí egungun tí àlejò jù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó dá a padà sí oúnjẹ àtijọ́, bí yíyún bá sì padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ti mọ̀. Ó ṣòro gan-an nínú ilé tí ọmọdé wà, ó sì ṣòro jù fún ajá tó ń dé ààtàn, nítorí egungun adìyẹ kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ parí ìtọ́jú kúrúnà ná, kí ẹ sì máa kọ bí ó ti ń họ ara sí ojú kàlẹ́ńdà, bóyá púpọ̀, díẹ̀ tàbí rárá. Bí yíyún náà bá ṣì wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ mú àkọsílẹ̀ náà lọ bá oníṣègùn ẹran. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí irinṣẹ́ àyẹ̀wò ti pọ̀ sí i, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Ifẹ̀. Bí ó bá já sí àléjì eruku, mi ò ní tan yín: kì í lọ pátápátá, ńṣe ni a ń tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé ajá náà. Oògùn bíi oclacitinib, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, máa ń dá yíyún dúró láàárín ọjọ́ kan, láìsí ọ̀pọ̀ nínú ìpalára sítẹ́rọ́ìdì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Prednisolone, tí òun náà jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, ní ìwọ̀n kékeré ni ọ̀pọ̀ ìdílé lè rà, dókítà tó ń ṣọ́ ọ sì lè mú kí ó wà láìséwu fún ìgbà pípẹ́. Piriton, oògùn àléjì tí ènìyàn ń lò, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe púpọ̀ fún ajá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn díẹ̀ máa ń rí ìrọ̀rùn níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà tó pé ni ó kọ oúnjẹ, tí ojú rẹ̀ wú lójijì, tàbí tí ọgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi tó ń rùn, ẹ má dúró de àkọsílẹ̀ kankan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.